Ìlà Pẹ́ńsù Lára Ìgò Ewúro

Oògùn inú ni mo fi ń jẹun. Inú rírun, inú wíwú, inú tí kò gba oúnjẹ, inú tó ń gbà á tó tún ń dá a padà: kò sí èyí tí mi ò mọ ibi tí oògùn rẹ̀ wà lórí pẹpẹ ní kẹ́míìsì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn. Mo lè di ojú mi kí n na ọwọ́ mú un. Bàbá mi, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ kápẹ́ńtà, kò torí ìyẹn gbé mi gẹ̀gẹ̀. Dókítà Ààbọ̀ ni wọ́n ń pè mí. Wọ́n ní mi ò kì í ṣe dókítà, mi ò sì kì í ṣe ẹni tí kì í ṣe dókítà, pé mo kàn dúró sí àárín bí ìṣó tí kò wọlé tán. Mi ò kì í dá wọn lóhùn. Ẹni tó bá fẹ́ bá bàbá mi jiyàn, kó kọ́kọ́ jẹun yó.

Ṣùgbọ́n nígbà ooru ọdún yìí, inú bàbá mi kọ oúnjẹ, kò sì sí oògùn kankan lórí pẹpẹ wa tó ṣí i. Ohun kan ṣoṣo tó lè ṣí i wà nínú ìgò kan nínú ilé wa níbẹ̀, wọn ò sì fẹ́ fọwọ́ kàn án. Èmi sì mọ nǹkan kan nípa ìgò náà tí wọn ò mọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ nìyẹn, torí ó ti pẹ́ jù nínú mi.

Ìyá mi ló ni ìgò náà. Lọ́dọọdún, kí ooru tó dé, wọn a já ewúro tí wọ́n gbìn sí ẹ̀yìn ilé, wọn a tẹ́ ẹ síbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà ṣùgbọ́n tí oòrùn ò dé, títí tí yóò fi gbẹ wóróworo. Wọn a kó èèpo ọsàn tí a ti ń fi pa mọ́ láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn, wọn a fi atalẹ̀ gbígbẹ díẹ̀ sí i, wọn a gún gbogbo rẹ̀, wọn a jọ̀ ọ́, wọn a sì rọ ọ́ sínú ìgò onídèérí kan tó ga tó apá mi láti ìka dé ìgúnpá. Láràárọ̀, ṣíbí kan nínú ife omi gbígbóná. Wọn a dé e, wọn a kà á dé ọ̀ọ́dúnrún, kálukú a sì mu tirẹ̀ kó tó fẹnu kan ohunkóhun. Wọ́n ní ooru máa ń mú inú sùn, ohun kíkorò ló sì ń jí i. Bí ẹ bá bi wọ́n pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀, wọn a ní inú ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti ka ìwé tó pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ inú ní kẹ́míìsì, mi ò tí ì rí èyí tó là á yé mi tó ìyẹn.

Ọdún méjì sẹ́yìn, ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn tí wọ́n rọ ìgò ọdún náà kún, ìyá mi jókòó lọ́sàn-án ọjọ́ kan pé ó rẹ àwọn, wọn ò sì dìde mọ́. Ọkàn ni, àwọn dókítà wí. Nígbà tí àwọn tó wá kí wa lọ tán, tí àwọn àbúrò wọn obìnrin ti pín aṣọ wọn, ẹni tó kù nínú ilé ni èmi àti bàbá mi, àti ìgò kan tó kún dé ẹnu.

Nígbà ooru yẹn, bàbá mi ò pa ọjọ́ kan jẹ. Wọn a po ewúro wọn fúnra wọn, wọn a mu ún lórí ìdúró, wọn a jẹun, wọn a sì lọ sí ibi iṣẹ́ wọn tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé, níbi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ kéékèèké tí àwọn aládùúgbò ò jẹ́ kí wọ́n sinmi lórí ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni mo rí i pé wọ́n ti lẹ bébà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ara ìgò náà láti ìdí dé ọrùn. Wọ́n fi pẹ́ńsù kápẹ́ńtà fa ìlà síbi tí ewé náà dé, wọ́n sì kọ ọjọ́ sí i, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni wọ́n sì ń fa òmíràn. Ohun tí bàbá mi ò bá wọ̀n, wọn ò gbà pé ó wà. Láti ọjọ́ yẹn, ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lára ìgò bí àtẹ̀gùn. Bí ó ti ń sọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ṣíbí wọn ń kéré sí i. Odindi ṣíbí di ààbọ̀, ààbọ̀ di góńgó ẹnu ṣíbí. Mo máa ń rí wọn tí wọ́n dúró síwájú ìgò náà nígbà tí wọ́n bá rò pé kò sí ẹni tó ń wo àwọn, tí wọ́n fi àtàǹpàkò lé ìlà tó kẹ́yìn.

Àárò ìyá mi ń sọ wọ́n, wọn ò sì mọ bí a ṣe ń sọ ọ́ jáde lẹ́nu. Èmi náà ńkọ́? Mo máa ń ṣí ìdérí ìgò náà kí n lè gbọ́ òórùn rẹ̀. Òórùn ìka ìyá mi ni, òórùn etí ìró wọn, òórùn bí wọ́n ṣe máa ń fi ọwọ́ kan mi níwájú orí bí ara mi bá ń gbóná. Màá tún dé e kíákíá, kó má baà tán.

Nígbà tí ooru ọdún kejì wọlé, ohun tó kù nínú ìgò ò ju ìdámẹ́rin lọ. Ojú bàbá mi lára ìlà yẹn ni mi ò lè gbà. Mo já ewúro lẹ́yìn ilé nígbà tí wọ́n lọ gé irun. Mi ò ní sùúrù ìyá mi, mi ò sì ní ọjọ́ mẹ́wàá láti fi dúró de afẹ́fẹ́, mo bá tẹ́ ẹ sínú àwo pẹrẹsẹ, mo fi ooru iná gbẹ ẹ ní kíṣìnnì. Mo fi èèpo ọsàn àti atalẹ̀ sí i, mo gún un, mo jọ̀ ọ́, ó sì jọ tiwọn lójú.

Ní kẹ́míìsì wa, òfin kan wà tí ọ̀gá mi kì í fi ṣeré: ọjà tuntun, ẹ̀yìn, ọjà àtijọ́, iwájú. Bí ẹ bá to tuntun síwájú, ti àtijọ́ á kú sẹ́yìn pẹpẹ. Ọwọ́ mi ti mọ́ ọn débi pé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń to aṣọ ìnujú nílé. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ṣe ìgò. Mo da ti ìyá mi sórí bébà mímọ́, mo rọ tèmi sísàlẹ̀, mo sì rọra da tiwọn padà sókè, kó lè jẹ́ pé tiwọn ni bàbá mi máa kọ́kọ́ mu. Mi ò rọ ọ́ dé ìlà tí wọ́n fà kẹ́yìn. Mo jẹ́ kó dín díẹ̀. Irọ́ tó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ ló ń pẹ́ láyé. Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi fa ìlà wọn, wọ́n rí i pé kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, inú wọn sì dùn. Wọ́n ní ṣíbí kékeré ni àṣírí rẹ̀, pé ká ní mo mọ nǹkan ṣún bíi tàwọn ni, ǹ bá ti kọ́lé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.

Lẹ́yìn ìyẹn, bí ọ̀sẹ̀ méjì bá ti pé, màá tún rọ díẹ̀ sí i. Wọ́n ń mu ún, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń sọ pé ọwọ́ ìyá mi ò lẹ́gbẹ́. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ tó ọdún méjì.

Nígbà tí ooru ọdún yìí dé, ó dé bí ẹni tó ní ìjà nínú. Ọ̀dà ojú títì ń rọ̀ mọ́ni ní bàtà. Fáànù ń yí, ooru kan náà ló ń gbé láti igun yàrá kan lọ sí òmíràn. Mò ń retí kí bàbá mi gbé ìgò sọ̀ kalẹ̀ bí ìṣe wọn, wọn ò gbé e. Nígbà tí mo máa wo pẹpẹ kíṣìnnì tó máa ń wà, ìgò ti kúrò níbẹ̀. Wọ́n ti gbé e sínú àpótí irinṣẹ́ wọn ní yàrá, wọ́n sì ti tì í.

Oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá sí kíṣìnnì. Màá ṣí àwo, màá rí ojú ibi tí ṣíbí wọlé lẹ́ẹ̀kan péré. Wọ́n ń gùnfẹ̀ láìjẹun, inú wọn ń wú, èyí tí mo bá sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó jẹ, wọ́n ń bì í. Mo gbé oògùn wá láti ibi iṣẹ́, ti kéékèèké, ti olómi, ti ẹlẹ́fun. Wọ́n ń gbé e mì láti fi tẹ́ mi lọ́rùn ni, kò yí nǹkan kan padà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo gbọ́ ìró òòlù ní yàrá wọn. Mo yọjú, mo rí wọn tí wọ́n fi ìṣó lu ihò tuntun sára ìgbànú wọn. Ihò kẹta nìyẹn láàárín oṣù kan.

Mo mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà kan tó kéré sí mi lọ́jọ́ orí tẹ inú wọn yíká, ó fà wọ́n lẹ́jẹ̀, ó ya àwòrán inú wọn. Kò rí nǹkan kan. Ó ní ọjọ́ orí ni, ooru ni, àti inú tó ti ṣófo débi pé kò rántí iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Ó ní bí wọn ò bá jẹun gidi kí ọ̀sẹ̀ tó parí, òun á dá wọn dúró, òun á sì fi omi sí wọn lára, pé ní irú ọjọ́ orí wọn, ẹni tó bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀ báyìí, dídìde rẹ̀ máa ń nira. Ó wá béèrè pé kí ló máa ń ṣí wọn nínú tẹ́lẹ̀. Bàbá mi gbójú sókè, wọ́n wo àjà yàrá náà títí, wọ́n ní ẹni tó kan pákó yẹn ò mọṣẹ́.

Nígbà tí a délé, mo jókòó síwájú wọn, mo béèrè ohun tó fà á tí wọn ò mu ewúro. Wọ́n ní ó ti kù díẹ̀. Mo ní tó bá kù díẹ̀ ńkọ́, ṣé ewúro ò kún ẹ̀yìn ilé ni?

"Ewúro ló kún ẹ̀yìn ilé," wọ́n wí. "Ọwọ́ ìyá rẹ ò sí níbẹ̀. Wo ilé yìí. Àga tí o jókòó lé, èmi ni mo kàn án. Ilẹ̀kùn, èmi ni. Bẹ́ẹ̀dì, èmi ni. Aṣọ rẹ̀, ẹ ti pín in. Ohun tó kù tó jẹ́ pé òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, ìyẹn náà ni. Bí mo bá mu ún tán, kí ni kí n máa wò?"

Mo dìde, mo lọ fọ àwo tó ti mọ́.

Ọjọ́ méjì ni mo fi ń rìn káàkiri kẹ́míìsì bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù. Ọkùnrin kan wá ra oògùn ìgbẹ́ gbuuru, èyí tó ń mú ni ṣu ni mo nà sí i. Ọpẹ́lọpẹ́ ọ̀gá mi tó gbà á lọ́wọ́ mi. Apògùn ni, ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, ìyá wa ló ń pè mí. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ, ó fà mí sẹ́yìn pẹpẹ, ó ní kí n sọ ohun tó wà nínú mi kí n tó pààyàn mọ́ òun lọ́wọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ń ka oògùn sínú ọ̀rá bí mo ti ń sọ ọ́, kò sì ṣì í kà. Ó wá ní kí n po ewúro tèmi ní gbangba, kí n sọ fún bàbá pé tèmi ni. Bí ó bá ṣí wọn nínú, kí ìgò jókòó sínú àpótí rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Mo wò ó, mo ní ìmọ̀ràn rere nìyí, kí ló dé tí mi ò ti ronú kàn án?

Mo pò ó láàárọ̀ ọjọ́ kejì, láti inú èyí tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ mi, mo gbé e fún wọn. Bàbá mi gbóòórùn rẹ̀, wọ́n fà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gbé ife kalẹ̀.

"Èyí kọ́," wọ́n wí. "Ti ìyá rẹ a kọ́kọ́ korò, a wá rọ̀ lọ́nà ọ̀fun. Tìrẹ korò, ó jókòó síbẹ̀. Iná lo fi gbẹ ẹ."

Inú bí mi. Kí n má purọ́ mọ́, inú bí mi gan-an. Ewé kan náà ni, àwo kan náà, odó kan náà, ọwọ́ kan náà. Odindi ìdajì ìgbà ooru ọdún tó kọjá ni wọ́n fi mu ewé ọwọ́ mi yìí láti inú ìgò yẹn, tí wọ́n ń ní ọwọ́ ìyá mi ò lẹ́gbẹ́. Ìgbà tó wá jáde láti ọwọ́ mi ní gbangba, ó di èyí kọ́. Mo jowú ìyá mi. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, mo jowú òkú, mo sì ń fẹ́ kí òkú náà padà wá sọ fún wọn pé ọmọ òun ṣe dáadáa. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu mi níbẹ̀, mo gbé e mì. Ó korò ju ewúro lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo gba àyè wá sílé lọ́sàn-án láti wò wọ́n. Mi ò bá wọn ní yàrá. Ibi iṣẹ́ ni mo ti rí wọn, nílẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì iṣẹ́ wọn. Ojú wọn là sílẹ̀. Èérún pákó lẹ̀ mọ́ wọn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Wọ́n ní, "Mo kàn jókòó ni."

Mo gbé wọn. Bàbá mi tó máa ń dá ilẹ̀kùn gbé lórí, mo gbé wọn bí mo ṣe ń gbé páálí oògùn. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù bà mí dé egungun. Mo tẹ́ wọn sórí bẹ́ẹ̀dì, mo fi ṣíbí fún wọn lómi, wọ́n bì í. Mo nu ẹnu wọn. Mo dúró, mo wo àpótí irinṣẹ́ náà, mo mọ̀ pé bí mo bá tún pa ẹnu mọ́, àárò méjì ni yóò máa sọ mí nínú ilé yìí.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n po ewúro inú ìgò."

"Mo ti sọ fún ọ."

"Ọwọ́ ìyá mi ò sí nínú ìgò yẹn mọ́," mo wí. "Èmi ni mo já a, èmi ni mo gún un, èmi ni mo rọ ọ́ síbẹ̀. Láti ọdún tó kọjá ni ti ìyá mi ti tán."

Bàbá mi yọ kọ́kọ́rọ́ nínú àpò ṣòkòtò wọn, wọ́n nà án sí mi. Mo gbé ìgò wá. Wọ́n wo bébà tẹ́ẹ́rẹ́ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìlà kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan.

"Ìlà tí mo fà ńkọ́?"

"Mo máa ń jẹ́ kó dín díẹ̀ sí ìlà, kí ẹ má baà fura. Mo máa ń fi tèmi sísàlẹ̀, màá da ti ìyá mi padà sókè, kí ẹ lè kọ́kọ́ mu tiwọn."

Wọ́n gbé ìgò náà mọ́ra, wọ́n kọjú sí ògiri, wọ́n ní kí n jáde.

Mo pe ọ̀gá mi lórí fóònù pé mi ò ní lè padà. Mo jókòó sí kíṣìnnì, mi ò ṣe nǹkan kan. Mo rò ó pé ẹ̀ẹ̀kan ni ìyá mi kú, èmi ni mo wá sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mejì. Mo rò ó pé bóyá mo ti fọwọ́ ara mi gba ohun tó kù tó ń mú wọn jí láàárọ̀. Mo fẹ́ kí ìyá mi wọlé láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, kí wọ́n bi mí pé kí ni mo jókòó gẹlẹtẹ sí lọ́sàn-án gangan. Mo fẹ́ ẹ débi pé mo wo ẹnu ọ̀nà náà. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ mo gbé ìrẹsì kaná, torí ọwọ́ tó bá ṣófo a máa ronú jù.

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí wọ́n pè mí. Wọ́n ti dìde jókòó. Ìgò wà lórí itan wọn.

"Ọjọ́ wo ni?" wọ́n béèrè.

Mo ní ọjọ́ wo ni kí ni?

"Ọjọ́ tí mo mu ti ìyá rẹ kẹ́yìn. Bí o ṣe ń da tirẹ̀ sókè, o mọ ọjọ́ tí ó tán."

Mo mọ̀ ọ́n. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, mo sì ti fẹ́ sọ ọ́ tipẹ́. Mo sọ fún wọn pé Ọjọ́bọ̀ kan ni, ìkùukùu ṣú, òjò ò rọ̀. Ilẹ̀kùn aládùúgbò kan wà níwájú wọn, wọ́n ń fá etí rẹ̀ torí ó ń há. Mo ti mọ̀ láti alẹ́ pé ohun tó kù lókè ìgò ò ju ìwọ̀n ẹnu ṣíbí kan lọ. Wọ́n wọlé, wọ́n pò ó, wọ́n mu ún dé ìdajì, wọ́n ní ó korò lónìí, wọ́n gbé ife sójú fèrèsé, wọ́n padà sídìí ilẹ̀kùn. Mo dúró ti fèrèsé. Bí mo bá pè wọ́n pé kí wọ́n wá mu ún tán, wọ́n máa béèrè ìdí rẹ̀.

"Ìdajì tó kù ńkọ́?"

"Mo mu ún," mo wí. "Èmi tí mo ti ń sá fún un láti kékeré. Mo jókòó sílẹ̀ ní kíṣìnnì, mo mu ún tán pẹ̀lú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀. Ó rọ̀ lọ́nà ọ̀fun bí ẹ ṣe wí. Mo sunkún títí ẹ fi kan ilẹ̀kùn yẹn tán."

Bàbá mi mi orí. Mo rò pé wọ́n máa bínú. Ohun tí mo gbọ́ ni ẹ̀rín, kékeré, tí omi wà nínú rẹ̀.

"Ìyá rẹ kì bá tí gbà," wọ́n wí. "Kò gbà kí n fi ìdajì sílẹ̀ rí. Ogójì ọdún ó lé. Á kó ọwọ́ lé ìbàdí, á dúró tì mí títí màá fi rí ìdí ife."

Mo ní gbogbo wa la mọ̀, pé ariwo yín lórí ife yẹn ló máa ń jí wa láàárọ̀. Lónìí ó korò jù, lọ́la ó gbóná jù, lọ́túnla ó pọ̀ jù.

"Kò korò tó bẹ́ẹ̀," wọ́n wí.

Mo wò wọ́n.

"Ìyá rẹ kì í dúró lójú kan. O mọ̀ ọ́n. Kó tó di pé mo jí, ó ti gbálẹ̀, ó ti pọnmi, ó ti ń wá bàtà tó máa wọ̀ jáde. Alẹ́ la tún máa rí ara wa, oorun á sì ti kún ojú rẹ̀. Ìgbà tí mo bá ń ráhùn lórí ife yẹn nìkan ló máa ń dúró tì mí." Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Mo bá ń ráhùn."

Mo gba ìgò lórí itan wọn, wọn ò dì í mú. Mo gbé omi kaná, mo bu odindi ṣíbí kan sínú ife, mo da omi sí i, mo dé e, mo kà á dé ọ̀ọ́dúnrún, mi ò fo ẹyọ kan. Mo gbé e tọ̀ wọ́n lọ.

Wọ́n fà á lẹ́ẹ̀kan. A jọ dúró, kò padà wá. Wọ́n tún fà á. Wọ́n gùnfẹ̀, èyí tó wá láti ìsàlẹ̀ inú. Nígbà tó dé ìdajì, wọ́n gbé ife náà sórí orúnkún, wọ́n sì fún ojú pọ̀.

"Ó ti korò jù," wọ́n wí.

Fóònù mi ń dún ní kíṣìnnì, ọ̀gá mi ni yóò jẹ́, ìrẹsì tí mo gbé kaná sì ti ń jó. Mo kó ọwọ́ mi lé ìbàdí, mo dúró tì wọ́n.